Tíì Tí Mo Kúnlẹ̀ Gbé fún Ìyá Méì

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà tí ẹ ń gbà tẹ̀lé wa. Mo kúnlẹ̀ kí Bàámi. Mo kí bùrọ̀dá mi Sọjí àti ìyàwó wọn, mo sì kí àwọn ìyá ìjọ tó dáná níbi ìgbéyàwó wa, tí ẹsẹ̀ wọn kò tíì sinmi. Èmi ni mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn ìjọ. Kì í ṣe pé mo fẹ́ tú ọ̀rọ̀ ilé síta. Mo fẹ́ kí àwọn ìyá tó kù bá yín rò ó ni, nítorí ẹ̀rù ń bà mí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ayọ̀ mi kó tó bẹ́ mí nínú. Màámi, ó mà dùn láti ní ọkọ o! Kúnlé ń kọrin bó bá ń fọ abọ́, ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́ tirẹ̀ fún mi bí a bá ń dúró de train, bí mo bá sì jí tí mo rí i, ẹ̀rín á kàn máa pa mí. Basement, yàrá abẹ́ ilẹ̀, nílé Ẹ̀gbọ́n Bísí, nọ́ọ̀sì ará Ìjẹ̀bú kan, là ń gbé ní àdúgbò Castleridge nílùú òyìnbó níbí. Wọ́n ní ariwo ẹ̀rín wa kì í jẹ́ kí àwọn sùn bí àwọn bá ti ibi iṣẹ́ dé, pé bí a kò bá rọra, àwọn á gbé ìyàwó jù sínú snow.

Snow náà kò sì ṣeé fi ṣeré. Òtútù ibí ń bu ni jẹ létí bí èèrùn. Inú rẹ̀ ni èmi àti Kúnlé ti ń ṣiṣẹ́ míṣọ́nnárì wa láàárín àwọn ará Ṣáínà, láti ilé dé ilé. À ń bá àwọn arúgbó ka Bíbélì, à ń bá wọn ra nǹkan lọ́jà, à ń bá wọn kó snow kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ọdún yìí le. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ń lé ènìyàn, ẹni tó ń de táì lọ síṣẹ́ lánàá ti ń jókòó sílé lónìí tó ń wo fèrèsé. Bí a bá ní kí kálukú sọ ohun tó fẹ́ kí Ọlọ́run ṣe, iṣẹ́, iṣẹ́, iṣẹ́ ni gbogbo wọn ń wí.

Ilé opó àgbàlagbà kan, ará Ṣáínà, tí à ń pè ní Ìyá Méì ni ìjọ kékeré wa ti ń pàdé, nítorí a kò ní ilé ìjọsìn. Ìyá Méì náà ló ń kọ́ mi ní èdè wọn láti ọdún méjì tí mo ti dé síbí, nígbà tí mo ṣì jẹ́ omidan. Wọ́n lẹ́nu! Wọ́n ní èdè náà ń jáde lẹ́nu mi bí àgbò tó ń wúkọ́. Nígbà tí wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di ẹran sínú ìyẹ̀fun, wọ́n ní tèmi jọ etí ajá tó ń ṣàìsàn, síbẹ̀ wọ́n jẹ ẹ́ tán. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ẹnjiníà ni nílé iṣẹ́ epo. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ wá òmíràn ní ìlú tó jìnnà, ó sì gbéyàwó síbẹ̀. Inú fọ́tò nìkan ni ìyá rẹ̀ ti rí ìyàwó náà.

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí a padà dé láti ibi ìgbéyàwó wa, mo ró aṣọ pupa tí ẹ rà fún mi, mo lọ fi ara mi han Ìyá Méì. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ní kí n bá àwọn gbé tíì wá láti ilé ìdáná nítorí orúnkún ń dun àwọn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ìyàwó tuntun kì í nàró gbé omi fún àgbà. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife náà fún wọn, mo tẹrí ba. Obìnrin kan tó ń bó ọsàn dáwọ́ dúró. Ìyá Méì wò mí, wọ́n wo aṣọ pupa náà, wọ́n gba ife, wọ́n mu tíì náà tán. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn, la bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹkún.

Inú ọkọ̀ ni pásítọ̀ wa, tí àwọn náà jẹ́ ará Ṣáínà, ti là mí lóye. Wọ́n ní láàárín àwọn, ìyàwó tuntun a máa wọ pupa, a sì máa kúnlẹ̀ gbé tíì fún ìyá ọkọ rẹ̀. Bí ìyá bá ti mu ún, ó ti gbà á lọ́mọ nìyẹn. Wọ́n ní àwọn kò rí i rí kí ẹnikẹ́ni ṣe é fún ẹni tí kì í ṣe ìyá ọkọ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé arúgbó náà rò pé mo fi ohun tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ kò ṣe fún un ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n bá sì ti ilé wọn mọ́ wa, a kò ní ibi tí a ó ti máa pàdé mọ́.

Màámi, ẹ wo ohun tí mo dá sílẹ̀. Kúnlé fẹ́ fi ẹ̀fẹ̀ pa á rẹ́, ó ń bi mí pé ṣé òun ti ní orogún ọkùnrin ní Ṣáínà ni, ṣùgbọ́n mo rí i pé òun náà kò lè jẹun. Ẹ̀gbọ́n Bísí ní ta ló rán mi níṣẹ́ ìkúnlẹ̀, pé níbí, ẹni tó bá kúnlẹ̀, bàtà ló fẹ́ so. Bí fóònù bá ti dún, mo máa ń rò pé Ìyá Méì fẹ́ gba ilé wọn lọ́wọ́ wa ni.

Ó dún lóòótọ́. Ìyá Méì ní kí n wá, èmi nìkan. Mo débẹ̀, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀, wọ́n ní kí n pa ẹnu àgbò mi dé kí n jókòó. Wọ́n gbé ẹ̀gbà ọwọ́ wúrà kan jáde, èyí tí ìyá ọkọ tiwọn fi sí wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí àwọn náà gbé tíì. Wọ́n ní àwọn ti tọ́jú rẹ̀ de ìyàwó ọmọ àwọn títí ó fi sú àwọn. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe, àmọ́ àwọn mọ ohun tí àwọn mu. Wọ́n fà mí lọ́wọ́.

Mo gba ọwọ́ mi padà. Mo sọ fún wọn pé ìyá mi wà láàyè, pé èmi nìkan ni wọ́n bí lóbìnrin, pé wọ́n sunkún lọ́jọ́ ìdána títí gèlè wọn fi tú, mi ò sì lè fi ẹ̀gbà ìyá mìíràn sọ́wọ́ láìjẹ́ pé wọ́n gbọ́. Mo rò pé wọ́n máa lé mi ni. Ńṣe ni wọ́n bi mí pé kí lorúkọ yín, ṣé orúnkún ń dun ẹ̀yin náà, ṣé ẹ lẹ́nu bíi tàwọn. Mo ní ẹ jù wọ́n lọ. Wọ́n ní ó dáa, àwọn fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, ìyá sí ìyá, pé àwọn kò fẹ́ ọkùnrin kankan láàárín, ì báà ṣe pásítọ̀, ì báà ṣe Kúnlé. Wọ́n fẹ́ tọrọ mi lọ́mọ lọ́wọ́ yín.

Màámi, ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù nìyẹn. Ẹ kò gbọ́ èdè wọn, wọn kò gbọ́ tiyín, èmi ni mo máa ṣe ògbufọ̀. Bí ẹ bá ní rárá, mi ò ní dá yín lẹ́bi, ẹ̀yin lẹ rọbí mi. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ni rárá náà máa gbà kọjá, ojú wọn ni mo sì máa wò bí mo bá ń sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ọ̀rọ̀ tí ẹnu mi lè gbé.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kí ẹ fọwọ́ gbọmọ wa jó, kí iná ilé yín má kú. Ẹ bá mi kí ìyá ọkọ mi, kí ẹ sì fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wọn kí wọ́n tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà. Kúnlé dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Èmi ni, ọmọ yín, ọmọ tí ẹ bí,
Mojísọ́lá.