Ìlẹ̀kùn Tí Mo Yá Láti Fi Lé Màríà

Jovelyn, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ara ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ọlọ́run tó ṣọ́ ọmọ Rẹ̀ nínú ibùjẹ ẹran yóò máa ṣọ́ ọ ní Manila, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ọ̀gá rẹ ní ṣọ́ọ̀bù bàtà yóò máa fi ojú rere wò ọ́. Ní tiwa, ọpẹ́ ló yẹ wá. Ìjì oṣù kọkànlá gbé ìlẹ̀kùn wa lọ, ó sì ká ìdajì òrùlé, ṣùgbọ́n kò gbé èmi, kò gbé ìyá rẹ, ẹlẹ́dẹ̀ wa sì lúwẹ̀ẹ́ padà wálé fúnra rẹ̀. Àwọn ará abúlé bá wa fi imọ̀ àgbọn bo ibi tó ṣí, ó ń jò díẹ̀, ṣùgbọ́n a lè dùbúlẹ̀ kí a máa wo ìràwọ̀, nítorí náà a ò so àtùpà ìràwọ̀ Kérésì kankan lọ́dún yìí, ojúlówó ti wà lókè.

Fóònù tí o fi ránṣẹ́ ń kí ọ. Mò ń da aṣọ bò ó lálẹ́ kí òtútù má baà mú un. Pacing aládùúgbò wa ní ká máa ra káàdì fún un, pé káàdì ni oúnjẹ rẹ̀, inú mi sì dùn pé kì í bá wa jẹ ìrẹsì.

Lọ́jọ́ tí a fojú rí ojú lórí rẹ̀, ṣé o rántí pé ṣẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀ṣì mi ni mo wọ̀? O ní o ò ní lè wálé fún Kérésì, pé iṣẹ́ pọ̀, mo sì gbà. Àfi ìgbà tí o dìde lọ ti fèrèsé, tí o fọwọ́ gbé ikùn rẹ lábẹ́. Mo sọ fún ìyá rẹ pé fóònù yìí ti ń bàjẹ́, ó ń fẹ àárín èèyàn, ṣebí ó ti fẹ imú tèmi náà. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín, ó wá bú sẹ́kún. Ó ní, "Crisanto, fóònù kì í fún èèyàn lóyún." Ó wá tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, pé ọkùnrin tó fún ọ lóyún ti bá ọkọ̀ òkun lọ, pé kì í gbé ìpè rẹ mọ́, pé ìwọ lo ní kí òun má sọ fún mi. Ó ní o sọ pé, "Bàbá á lé mi bó ṣe ń lé Màríà lọ́dọọdún."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn, Jovelyn. Òótọ́ ni pé bí àwọn tó ń ṣe eré Jósẹ́fù àti Màríà bá ń ti ojúlé dé ojúlé wá ibi tí wọn yóò wọ̀ sí ní alẹ́ tí Kérésì ku ọ̀la, gbogbo onílé ló ń lé wọn títí wọn yóò fi dé ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lé bíi tèmi. Àwọn èèyàn ń sọdá odò wá gbọ́ ohùn mi. Èmi sì rò pé iṣẹ́ Olúwa ni mò ń ṣe.

Ọjọ́ pé. Ẹni tó fẹ́ lé àlejò, ṣebí ó yẹ kó ní ìlẹ̀kùn tí yóò gbá mọ́ ọn lójú? Mo yọ ti ilé Pacing, mo gbé e dúró lọ́wọ́ méjèèjì níwájú ilé wa. Wọ́n dé torin-torin, ẹrẹ̀ mù wọ́n dé ọrùn ẹsẹ̀. Ìrọ̀rí tí ọmọbìnrin tó ṣe Màríà dì mọ́kùn ń yọ̀ bọ́, ó sì fọwọ́ gbé e lábẹ́ gẹ́lẹ́ bí o ti ṣe lọ́jọ́ fèrèsé. Jósẹ́fù kọrin pé ó ti rẹ aya òun, pé ṣé àyè wà. Mo ń wo ọwọ́ Màríà lábẹ́ ìrọ̀rí náà. Pacing ń tẹ̀ mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kí n lé wọn kíá, oúnjẹ ń tutù. Ni mo bá tẹ́ ìlẹ̀kùn náà sórí ẹrẹ̀. Mo ní, "Ẹ gba orí rẹ̀ kọjá. Àyè wà."

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó kàn, nítorí a ò ṣe é bẹ́ẹ̀ rí. Màríà wọlé, Jósẹ́fù wọlé, gbogbo àwọn tó ń tẹ̀ lé wọn wọlé, wọ́n sì jẹ ìrẹsì tí ìyá rẹ wé sínú ewé tán pátápátá. Fada Eusebio dúró ní ṣọ́ọ̀ṣì títí, ó sú u, ó wá wá wọn. Ó bá Màríà lórí ẹní rẹ, ó ti yọ ìrọ̀rí oyún rẹ̀, ó fi rọrí, ó ń hanrun. Fada fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi o. Pacing ni yóò máa lé wọn láti ọdún tó ń bọ̀, kò sì nílò kó kọ́ ọ rárá, nítorí títí di òní ló ń bú mi lórí ẹrẹ̀ ara ìlẹ̀kùn rẹ̀.

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìtàn ìbí Jésù, n kò ro ti Jósẹ́fù rí. Àwọn èèyàn á ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ní Násárẹ́tì. Síbẹ̀ ó gba ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀, ó kọ́ ọ níṣẹ́ káfíńtà. Èmi tí ọmọ yìí jẹ́ ẹ̀jẹ̀ mi, kí ni màá wá máa ṣe agídí sí? Màá kọ́ ọ bí a ṣe ń gun àgbọn.

Lẹ́yìn náà ni obìnrin ìjọba kan wá, ó ń tẹ wàláà onídígí, ó ń ka àwọn tí ìjì ba ilé wọn jẹ́. Ó ní èèyàn mélòó ló wà nílé. Mo ní mẹ́rin. Ó wo èmi, ó wo ìyá rẹ, ó wo ẹlẹ́dẹ̀. Mo ní ọmọ mi ń bọ̀ láti Manila, òun àti èyí tó wà níkùn rẹ̀. Ó ní dígí òun kì í ka ẹni tí kò tíì dé. Mo ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ Késárì, ìgbà tí wọ́n ń ka èèyàn náà ni wọ́n bí Olúwa, ẹni tó sì wà níkùn ló sọ ìkànìyàn náà di ohun tí a ń rántí. Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ ohun kan. Mo gbàgbọ́ pé mẹ́rin ló tẹ̀.

Jọ̀ọ́, bí owó bá wà, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún páànù, orí ìkókó kò fẹ́ òjò, àti fún káàdì, nítorí ebi ń pa fóònù. Bí kò bá tó, jẹ́ kí ebi máa pa fóònù, fi owó náà wọ ọkọ̀ ojú omi wálé. Má sọ fún mi pé Kérésì ti kọjá. Àwọn ọba mẹ́ta láti ìlà-oòrùn kò tíì dé, àwọn náà pẹ́ lọ́nà, kò sì sẹ́ni tó lé wọn.

Wẹ́rẹ́ lewé ń bọ́ lára igi, wẹ́rẹ́ ni wàá sọ̀. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Káfíńtà ti gbé pákó ìlẹ̀kùn tuntun wá, ṣùgbọ́n mo ní kó ní sùúrù, kí o kọ́kọ́ wọlé ná.

Èmi ni bàbá rẹ,
Crisanto, tí kì í léni mọ́.