Kàlẹ́ńdà Ara Ògiri Ilé Ìdáná

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo dé ilé wa ní Ùpẹnmẹn lánàá. Láti ìgbà tí ẹ ti fi wá sílẹ̀, àbúrò mi obìnrin ló ń yan gàrí nídìí agbada yín, ó sì ń wúkọ́. Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná yẹn ni mo fi ń kọ̀wé sí yín.

Ṣé ẹ rántí àtíbàbà tí ẹ ń dáná lábẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ojú ló ń tì mí. Ọmọ yín di ọ̀gá níṣẹ́ ìjọba l'Ọ́wọ̀, ẹ̀yin ṣì wà lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ, ewúrẹ́ ń wọlé, ó ń jáde. Mo wó o, mo fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun, mo yọ fèrèsé kékeré kan ṣoṣo sí i kí ewúrẹ́ má baà yọ yín lẹ́nu. Ẹ gbàdúrà fún mi títí ẹnu yín fi gbẹ. Sítóòfù tí mo rà kò pẹ́ tó fi di ibi tí adìẹ ń yé sí, torí kẹrosíìnì ti di ọ̀wọ́n gógó. Igi náà lẹ ń fi dáná lọ.

Nígbà tí àtẹ́lẹwọ́ yín funfun, tí ẹ kò lè rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì láìsinmi lọ́nà, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ yín ti lọ sílẹ̀ púpọ̀. Ó ní èéfín tí àgbàlagbà bá fà símú fún ọ̀pọ̀ ọdún lè ba ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́, kì í ṣe àyà nìkan. Ó bi yín léèrè irú ibi tí ẹ ti ń dáná. Ta ló rán mi níṣẹ́? Èmi ni mo yára gbà á lẹ́nu yín pé ilé ìdáná ìgbàlódé ni, èmi ni mo kọ́ ọ. Ẹ wò mí, ẹ dákẹ́. Ẹyin lohùn, Ìyá mi. Mo ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ kiri, mo ń fún omi ẹ̀fọ́ ugu mọ́ mílíìkì, mo sì tún dá yín padà sínú èéfín.

Kí ló dé tí ẹ kò sọ? Àbí ẹ sọ ọ́, etí mi ló di?

Ọdọọdún ni mo ń mú kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì wá fún yín, ibì kan náà ni mo sì máa ń bá a lára ògiri yẹn. Mo rò pé ẹ ń fi ilé ìdáná náà yangàn ni. Lánàá, mo yọ ọ́ kí n lè fi tuntun kọ́. Ihò ló wà lẹ́yìn rẹ̀, kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, èéfín ti mú etí rẹ̀ dúdú kirikiri. Àbúrò mi jẹ́wọ́ pé ẹnu àdá lẹ fi gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, pé bí ẹ bá ti gbọ́ ìró mọ́tò mi, ẹ ó sáré fi kàlẹ́ńdà bò ó kí ó má baà dùn mí. Òun náà ti bò ó lánàá kí n tó wọlé.

Ìyá mi, ẹ dárí jì mí. Mo ti wó ògiri náà láàárọ̀ yìí, àti èyí tó kọjú sí i. Ewúrẹ́ ti wọlé.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ kò fẹ́ kí ojú tì.