Àádọ́ta Ìṣẹ́jú láti Pedro sí Ọ̀nà Ìlàjẹ

Bàámi ọ̀wọ́n, baba onífèrè,

Aago yín ṣì ń ṣiṣẹ́ o. Ọwọ́ mi ló wà. Mo ń so ó bí ẹ ṣe máa ń so ó, tí ojú rẹ̀ á kọ sínú ọrùn ọwọ́, tí àwọn ọmọ kíláàsì mi á máa rẹ́rìn-ín pé Àǹtí ò mọ bí wọ́n ṣe ń wọ aago. Àwọn tó mọ̀ yín kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n á kàn wò ó, wọ́n á mi orí.

Ó ti di ọdún mẹ́ta tí ẹ ti lọ, mi ò sì kọ nǹkan kan sí yín. Kì í ṣe pé mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ, ẹ ṣáà mọ ẹnu mi. Nǹkan kan wà tí mo ní láti jẹ́wọ́ ni, ó sì ti ń wúwo fún mi. Líìgì bọ́ọ̀lù tí ẹ dá sílẹ̀ ti yí padà, Bàámi, èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi yí i. Ẹ má tíì bínú. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe lọ.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe pín àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama Ṣómólú àti Bàrígà sí méjì. Ìpín Títì ni ẹ pe àwọn tó wà lápá Fádèyí àti Pedro, ẹ pe àwọn tó sún mọ́ ọ̀sà ní Ìpín Omi. Ẹgbẹ́ tó bá gbégbá orókè nínú ìpín kọ̀ọ̀kan ni wọ́n jọ ń pàdé nínú àṣekágbá. Ó dára, ó sì tọ́. Àmọ́ ìka ò dọ́gba. Àwọn ọmọ tó ti ń wa ọkọ̀ ojú omi kí wọ́n tó lọ sílé-ìwé, tí èjìká wọn ti le nídìí àwọ̀n, Ìpín Omi ni gbogbo wọn kó sí. Lápá tiwa, ọmọ télọ̀ àti ọmọ àwọn tó ń tẹ̀wé la ní, eré tí wọ́n mọ̀ ọ́n sá ò ju ká sá fún òjò lọ. Síbẹ̀ lọ́dọọdún, ọ̀kan nínú wa gbọ́dọ̀ dé àṣekágbá. Ilé-ẹ̀kọ́ yín ní Pedro, níbi tí èmi náà ti wá di tíṣà eré ìdárayá, ti dé ibẹ̀ lọ́dún márùn-ún léraléra. Ọdún márààrún ni Ìpín Omi lù wá bí ẹni lu bàrà.

Ẹ rántí Orímisàn, gólì yín àtijọ́ tí kì í wọ bàtà? Òun ni kóòṣì ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lọ́nà Ìlàjẹ báyìí. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe ipò kejì ní Ìpín Omi lọ́dọọdún, wọn ò sì fojú kan àṣekágbá rí. Bí wọ́n bá bá wa gbá bọ́ọ̀lù ọ̀rẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́, ńṣe là ń kó góòlù sílé bí ẹni ń kó aṣọ sá fún òjò. Ẹni tó lórí ò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà ò lórí.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ yìí ló wá bá mi ní ọ́fíìsì àwọn tíṣà. Mo fún un ní mínírà, kò mu ún. Bí inú bá ń bí Orímisàn, èdè Ìlàjẹ ló máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀, mo sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ̀rọ̀, mi ò lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Àǹtí, àwọn ọmọ mi ò kí ń ṣe ọ̀lẹ o. Gúrúùpù yẹn ló há wọn mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin ni ìwé Bàbá wà lọ́wọ́ yín. Ẹ bá mi wò ó, kí ló gbé wa lọ sí Omi?"

Mo ní màá wò ó. Irọ́ ni mo pa. Mo ti mọ ohun tó gbé wọn lọ síbẹ̀ láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje.

Ẹsẹ̀ lẹ fi pín líìgì náà, àbí? Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tó ní bọ́ọ̀sì, ẹ ò sì fẹ́ kí ọmọ kankan rìn títí kí ó tó gbá bọ́ọ̀lù. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọdé bá lè rìn dé láti Pedro láàárín ogójì ìṣẹ́jú, Títì ni. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, Omi ni. Ẹ ní ẹsẹ̀ ọmọ la fi ń wọn ọ̀nà ọmọ, ni ẹ bá ń mú mi dání ní gbogbo Sátidé. Èmi á gbá bọ́ọ̀lù mọ́ra, ẹ̀yin á mú ìwé àti pẹ́ńsù dání. Ẹ á gé orógbó sí méjì, ẹ á fún mi ní ààbọ̀, màá jẹ ẹ́ dé kọ́nà, màá tu ú dànù. Ẹ mọ gbogbo àwọn tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú lórúkọ, ẹ á sì dúró kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, òórùn íńkì á gba gbogbo imú mi. Bàámi, mi ò tíì rí ohun tó dùn tó àwọn Sátidé yẹn láti ìgbà náà.

Sátidé tí a lọ sí ọ̀nà Ìlàjẹ, bàtà tuntun ni mo wọ̀. Ó ń jẹ mí lẹ́sẹ̀. A ò tíì rìn jìnnà sí Pedro tó ti bó gìgísẹ̀ mi. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ, ẹ ò ní mú mi dání ní Sátidé tó ń bọ̀, ni mo bá panu mọ́. Nígbà tí a dé ibi tí àwọn obìnrin ti ń yan ẹja, mo dúró bí ẹni tí ẹja náà wù, kí n lè sinmi ẹsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ dúró dè mí. Nígbà tí a dé ẹnu géètì, ẹ yí ọrùn ọwọ́ yín padà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: àádọ́ta ìṣẹ́jú. Bí ilé-ẹ̀kọ́ Orímisàn ṣe di ara Ìpín Omi nìyẹn.

Ẹja wá di tèmi láti ọjọ́ náà. Ẹ ò ní kọjá lápá ibẹ̀ kí ẹ má ra ọ̀kan bọ̀ fún mi, ẹ á fi ìwé ìròyìn dì í. Mi ò fẹ́ràn ẹja yíyan, Bàámi. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Mo jẹ ẹ́ títí mo fi jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama.

Lẹ́yìn tí Orímisàn lọ, mo so aago yín, mo fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo tún un rìn lọ́jọ́ kejì, bákan náà ni. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹnu géètì wọn, mo bú sẹ́kún. Ọlọ́dẹ wọn bi mí bóyá ẹnì kan kú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti pẹ́ díẹ̀.

Nígbà tí àwa tíṣà ṣe ìpàdé, mo jẹ́wọ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Púrínsípà wa ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n ní a kì í tú ohun tí olóògbé ti dì. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń rò kò pamọ́: bí Orímisàn bá wọ Ìpín Títì, ó lè di pé àwa náà á máa jókòó wo àṣekágbá. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, balógun ẹgbẹ́ wa ò tiẹ̀ kí mi fún ọjọ́ méjì. Síbẹ̀ mo ṣí ìwé yín sí ojú ewé tí ẹ to orúkọ gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ sí. Mo fa ìlà sí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà lábẹ́ Omi, mo tún un kọ sábẹ́ Títì, mo kọ ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ àádọ́ta yín. Ṣé ó dùn yín? Ṣé ẹ rí i níbi tí ẹ wà?

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀. A na gbogbo àwọn tó kù nínú ìpín wa, Orímisàn náà nà wọ́n. Ó wá ku èmi àti òun, lórí pápá wa ní Pedro, ní aago mẹ́rin ọ̀sán. Ẹni tó bá borí ló lọ sí àṣekágbá.

Ẹ rántí òfin yín: ẹgbẹ́ tí kò bá sí lórí pápá ní aago mẹ́rin ti pàdánù. Aago mẹ́rin lù. Àwọn ọmọ mi ti tò, kò sí ẹnikẹ́ni níwájú wọn. Fóònù Orímisàn ò lọ. Púrínsípà jáde wá pẹ̀lú agbòòrùn wọn, wọ́n ní òfin lòfin, òfin bàbá mi sì tún ni. Rẹfirí ń wò mí. Àwọn ọmọ mi ti ń di mọ́ra wọn. Kí n ṣáà mi orí lásán ni, àṣekágbá di tiwa, kò sì sẹ́ni tó máa bá mi wí. Mo fẹ́ ẹ, Bàámi. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo fẹ́ ẹ gan-an.

Mo ní kí rẹfirí jẹ́ ká dúró. Púrínsípà yíjú, wọ́n wọlé lọ.

Ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n dé. Wọn ò sáré. Gólì wọn ló wà láàárín, ó so bàtà bọ́ọ̀lù tuntun kọ́ ọrùn, ó ń tiro bọ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ti ta sí. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó ṣáájú rẹ̀. Orímisàn wá bẹ̀ mí. Ó ní aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú làwọn kúrò nílé-ẹ̀kọ́, pé ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo kọ sínú ìwé lòun gbójú lé. Mo ṣírò rẹ̀ lórí aago yín. Mo tún un ṣírò. Àádọ́ta ni.

Wọ́n nà wá, méjì sí ẹyọ kan. Ẹsẹ̀ lásán ni gólì wọn fi gbá a, bí Orímisàn ayé àtijọ́. Ó dùn mí, mi ò ní sọ pé kò dùn mí. Balógun wa sunkún sí mi léjìká, àmọ́ ó kí mi kó tó relé.

Nígbà tí pápá dá, mo jókòó láti kọ èsì sínú ìwé yín. Ẹ mọ̀ pé ojú ìwé ọjọ́ Ìlàjẹ yẹn ti lẹ̀ mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e, epo ẹja àkọ́kọ́ tí ẹ rà fún mi lọ́jọ́ náà ló lẹ̀ ẹ́. Mi ò tú u wò rí, kó má baà fàya. Lọ́jọ́ yẹn mo rí i pé igun rẹ̀ ti gbéra. Mo fi rúlà tú u díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi pẹ́ńsù kọ ni mo bá níbẹ̀:

"Ọmọ mi ń tiro láti Pedro débí. Ó rò pé mi ò rí i. Mi ò yọ ìṣẹ́jú kankan kúrò, torí kò sí ẹgbẹ́ tí ẹnì kan ò ní tiro nínú rẹ̀."

Ẹ mọ̀. Ẹ ti mọ̀ látọjọ́ yìí! Gbogbo ẹja yẹn ńkọ́, ṣé ẹ̀fẹ̀ lẹ ń fi mí ṣe? Nígbà tí ẹ ń dúró kí àwọn tó ń tẹ̀wé lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣé ìkíni náà ni, àbí ẹsẹ̀ mi lẹ fẹ́ kó sinmi? Mo bi Màámi, ẹni tó fọ gìgísẹ̀ mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ.

Mi ò pa ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n mi rẹ́. Orímisàn ṣì wà ní Títì, ibẹ̀ ló yẹ kó wà. Àmọ́ mo ti fi ìlà kan kún òfin yín, gbogbo wọn sì ti fọwọ́ sí i: ẹgbẹ́ tó bá fẹsẹ̀ rìn wá, a ó dúró títí ẹni tó kẹ́yìn nínú wọn yóò fi dé. Sátidé yìí ni àṣekágbá. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó máa borí. Màá lọ, màá so aago yín. Nígbà tí mo bá ń bọ̀, màá ra ẹja kan, màá sì jẹ ẹ́ tán. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń tiro, tí ẹ dúró dè.