Ooru Ọsàn Wẹ́wẹ́ Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Nathanaël

Issaba

Flore, ọmọ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé dáadáa ni ìwọ àti ọkọ rẹ wà ní Kútọnu? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ilé yín dahoro. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, mo sì ti yà sí ẹnu ilé ìdáná láti lọ sọ fún un kí n tó rántí pé a ti sin ín.

Ṣé imú Nathanaël ọmọ ọmọ mi ti là? Lọ́jọ́ tí mo rí ojú rẹ̀ nínú fóònù pọ́tábù mi, tó ń mí bí àgbà tó gun òkè, ọkàn mi kò balẹ̀. Mo sun ọsàn wẹ́wẹ́ nínú eérú gbígbóná bí ìyá rẹ ti í ṣe, mo fún un sínú omi híhó pẹ̀lú ewé rẹ̀, mo ní kí o gbé ọmọ súnmọ́ pọ́tábù tìrẹ, mo wá di tèmi mú sórí ìkòkò, mo sì fi aṣọ bo gbogbo rẹ̀. Ò ń pariwo, mo rò pé ayọ̀ ni. Bí ojú àti ohùn bá lè ti ibí dé Kútọnu, mi ò mọ ohun tó máa dá ooru dúró lọ́nà. Ṣùgbọ́n pọ́tábù náà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó kú.

Éric tó ń tún pọ́tábù ṣe ní Pobè ṣí i, omi ń kán síta. Ó bi mí pé Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ sè é jẹ ni, iyọ̀ ńkọ́? Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni mo sọ fún un pé ohùn ìyá rẹ wà nínú rẹ̀, èyí tó fi ránṣẹ́ sí ọ nígbà tí ọ̀fìnkìn dá ọ dúbúlẹ̀, tó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sun ọsàn, tó wá jágbe mọ́ mi láàárín ọ̀rọ̀ pé Bàbá Flore, ẹ kúrò nídìí ààrò mi. Kí n tó jẹun ni mo máa ń gbọ́ ọ. Éric kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́.

Àlùfáà ìjọ wa sọ pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni ohùn ìyá rẹ wà. Mo ṣe àmín. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń jẹ́ kó sọ̀rọ̀ ààrò níbẹ̀.

Àpò ọsàn nìyí lọ́wọ́ awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá. Fún un sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kí ọmọ máa mu ún. Bí imú rẹ̀ kò bá là, gbé e lọ sí ọsibítù. Ọsàn kì í ṣe Ọlọ́run.

Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún pọ́tábù mìíràn, kí o sì fi ohùn yẹn tẹ̀ lé e. Wọ́n ní ẹ̀yin ará ìlú ńlá máa ń pa ohùn àtijọ́ rẹ́ kí pọ́tábù yín lè fúyẹ́. Ẹnu tó ń pè ọ́ ní ìyá kò ní dákẹ́ lójú rẹ. Ṣùgbọ́n bí o bá ti pa á rẹ́, má sọ fún mi. Sọ pé o ṣì ń wá a.

Bàbá rẹ,
Fádèyí