Òkúta Kẹta Inú Omi Edé

Ilé Màmá Toheebat,
Ìlaró.
Oṣù Kejìlá, 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ọdẹkúnlé,

Ẹ kú àtìjọ́, ẹ kú ẹ̀yìn bọ́dà. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín le ní Kútọnu, pé iṣẹ́ bíríkìlà ń lọ, àti pé ikọ́ ti fi yín sílẹ̀. Ara tèmi náà le. Inú mi ni kò dùn, mi ò sì ní fi pa mọ́ fún yín. Fóònù yín kò wọlé mọ́, ìdí nìyí tí mo fi kọ ìwé yìí. Mùínátù, ọmọ kíláàsì mi, ló fẹ́ bá mi fi rán ìyá rẹ̀ tó mọ ọ̀nà oko ẹ̀yìn Ìpókíá tó yọ sí òdìkejì bọ́dà.

Ẹ rántí edé pupa kéékèèké tí ẹ gbé wá fún mi nínú àpótí dígí nígbà tí ẹ gba yàrá yìí fún mi. Ẹ to òkúta mẹ́ta sínú rẹ̀ bí ààrò, ẹ so ewé odò mọ́ ọn, ẹ ní, "Lábísí, bí àárò ilé bá ń sọ ẹ́, máa wo àwọn wọ̀nyí. Gbogbo Jímọ̀ ni mò ń bọ̀." Ẹ wá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ti bọ́dà pa. Àwọn edé yẹn ni mò ń bá sọ̀rọ̀, torí bí mo bá lanu nílé yìí, ohùn Ògbómọ̀ṣọ́ mi á máa pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn lóyún. Ẹyin kún abẹ́ ikùn rẹ̀ bí wóró ọkà bàbà, ó ń fi ẹsẹ̀ fẹ́ wọn ṣáá. Abẹ́ òkúta kẹta ló fi ṣelé.

Kẹrosíìnì ti wọ́n bí imí eégún níbí. Màmá Toheebat, onílé wa, gbé sítóòfù tì, ó padà sídìí igi, ṣùgbọ́n ààrò rẹ̀ ń mì. Nígbà tí mo bá Mùínátù lọ kí ìyá rẹ̀, onílé fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ṣílẹ̀kùn mi, ó kiwọ́ bọ omi, ó mú òkúta kẹta lọ fi há ààrò. Kí àyè rẹ̀ má bàa ṣófo, ó fi àfọ́kù búlọ́ọ̀kù dí i! Ó tún hú ewé odò, ó tò ó ní ìlà-ìlà bí ẹni gbin ẹ̀gẹ́. Ó rò pé òun bá mi tún un ṣe ni.

Ẹ̀yin bíríkìlà mọ bí omi sìmẹ́ǹtì ṣe ń ta ni lára. Nígbà tí mo dé, omi ti funfun bí omi ògì. Púpọ̀ nínú àwọn edé náà ti kú. Àwọn tó kù ń pọ́n dígí bí ẹni tí ilé ń jó mọ́ lórí.

Mo lọ bá a nídìí ààrò. Ẹ mọ̀ mí, mi ò lè wo àgbà lójú. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, òkúta mi." Ó bú sẹ́rìn-ín: "Òkúta! Ọmọ Ọ̀yọ́, ṣé òkúta wọ́n ní Ìlaró ni? Edé tí kò tó ọbẹ̀ ẹnìkan se!" Orúnkún mi ló kúnlẹ̀, ohùn mi kò kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀ bá bèèrè, ǹ bá fún yín. Àwọn tí mò ń bá sọ̀rọ̀ nínú ilé yín lẹ pa." Ẹ̀rín náà dá. Ó fi igi tọ́ka sí òkúta: iná ti là á sí méjì.

Mò ń bínú sí i. Mò ń bínú sí àwọn tó ti bọ́dà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mò ń bínú sí jù. Ìyá Mùínátù ń gba ọ̀nà oko lọ, ó ń gbà á bọ̀, tòun ti ẹrù lórí. Kí ló dé tí ẹsẹ̀ tiyín kò mọ̀ ọ́n?

Mo yọ búlọ́ọ̀kù dànù, mo ń fi omi kànga pààrọ̀ omi díẹ̀díẹ̀. Mo fi òkúta méjì tó kù fẹ̀yìn ti ara wọn, mo fi ewé odò bo ẹnu àlàfo wọn. Aboyún náà dúró lẹ́bàá dígí títí, kó tó rọra wọlé. Ẹyin rẹ̀ ṣì wà. Òkúta méjì kò lè gbé ìkòkò ró, ṣùgbọ́n edé kì í se ọbẹ̀. Bí ẹ bá dé, ẹ má tún un tò. Bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín nílẹ̀ onílẹ̀. Kí Ó ṣí bọ́dà fún wa, bí kò bá sì tíì ṣí i, kí Ó ṣí yín lójú sí ọ̀nà oko.

Èmi ni àbúrò yín tó ń bínú,
Lábísí.

Mo tún rántí: Màmá Toheebat gbé láfún àti ọbẹ̀ wá lálẹ́ àná. Ó kan ilẹ̀kùn, ó dúró títí mo fi ṣí i. Edé wà nínú ọbẹ̀ náà. Mo ṣà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo jẹ ìyókù. Ó dùn, ìyẹn náà sì ń bí mi nínú.