Omi tí Dìrẹ́tọ̀ Mu ní Ilé Mi

Gervais, ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé Amandine ìyàwó rẹ ń jí dáadáa? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ilẹ̀ Kútọnú tó rọ̀ bí ẹ̀kọ yẹn gbé yín mì, kí omi òkun má dé ẹnu ọ̀nà yín, kí ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́ má rí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ọ́ lọ. Àmín. Mo kí yín tán. Ézéchiel tó ń kọ́ wa ní katikísímù nínú ìjọ ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, èmi ni mo ń sọ ọ́. Ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ tútù bẹ̀rẹ̀, mo sì ti fi bẹ̀rẹ̀, ó tó.

Òjò kò tètè rọ̀ lọ́dún yìí. Iṣu tí a gbìn sí ẹ̀yìn àpáta, ìdajì hù, ìdajì jẹrà sínú ebè. Ewúrẹ́ dúdú yẹn kú. Sylvestre aládùúgbò wa já bọ́ lórí àpáta níbi tó ti ń kó gbágùúdá tó sá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò wọ́, ó ṣì ń bú gbogbo ayé. Ìyẹn kọ́ ni mo tìtorí rẹ̀ pe Ézéchiel.

Ọ̀rọ̀ Claudia ọmọ rẹ ni. Nígbà tí ibà yẹn di í létí pa, ẹ gbé e wá bá mi, ẹ ní ẹ óò padà wá mú un tí ara rẹ̀ bá le. Ara rẹ̀ ti le tipẹ́. Ẹ̀rọ kékeré tí àwọn sísítà ìjọ fún un pé kó máa fi sétí gbọ́ràn, mo tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí bátìrì inú rẹ̀ kú, mo sá a sórí àpáta pẹ̀lú gbágùúdá, bí a ti ń sá ti iná tọ́ọ̀ṣì, kí oòrùn lè jí i. Adìyẹ kan gbé e mì. Adìyẹ náà kú, a là á, a rí bátìrì, a nù ún, a dá a padà sínú ẹ̀rọ, kò ṣiṣẹ́. Mo rò pé adìyẹ yẹn ti gbọ́ gbogbo ohun tó kù nínú rẹ̀ tán.

Ẹni tó ràn án lọ́wọ́ ni Justine. Nígbà tí wọ́n wọlé ẹ̀kọ́ ọdún yìí, bùrò, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ilé ìwé ní Dassa, sọ fún wa pé Claudia yóò jókòó láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, pé ọmọbìnrin kan tó mọ̀ ọ́n fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ yóò máa wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, yóò jókòó tì í, yóò sì máa sọ ohun tí olùkọ́ bá wí di ọwọ́. Mo bi Justine léèrè bóyá ọwọ́ méjèèjì ló ń sọ̀rọ̀ tàbí ọ̀tún nìkan, torí ẹni tó bá na òsì sí mi, mi ò ní dá a lóhùn. Ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí a tó kórè ẹ̀wà tán, ọmọ tó jẹ́ pé aṣọ mi ló máa ń fà bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́ ti ń fi ọwọ́ bèèrè omi, ó ń ka iye ewúrẹ́, ó sì sọ mí lórúkọ. Ó máa ń fi ìka méjì fa àgbọ̀n rẹ̀, nítorí irun tó hù sí àgbọ̀n tèmi. Mo gba orúkọ náà bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, ọ̀gá ilé ìwé, ẹni tí wọ́n ń pè ní dìrẹ́tọ̀, ní kí Justine má wá mọ́. Ó ní àwọn ọmọ kò wo pátákó mọ́, ọwọ́ Justine ni wọ́n ń wò. Mo lọ síbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ Claudia wà nínú kíláàsì, wọ́n ń ké bí ẹyẹ ẹ̀gà, òun wà ní àgbàlá, ó ń gbálẹ̀. Mo bi dìrẹ́tọ̀ pé ṣé ilẹ̀ gbígbá ni mo ní kí ó wá kọ́. Ó ní ìyá àgbà, ẹ má bínú, ọmọ yìí kò gbọ́ nǹkan kan, inú rẹ̀ dùn sí ìgbálẹ̀ ju kíláàsì lọ. Mo ní inú ewúrẹ́ náà a máa dùn síbi tí wọ́n bá so ó mọ́, títí wọn óò fi gbé ọ̀bẹ dé.

Mo gun zémìjàn, alùpùpù akérò, lọ sí bùrò. Obìnrin tó wà níbẹ̀ pe ọ̀gá rẹ̀ sínú fóònù, ojú ọkùnrin náà yọ, ó ń wò mí. Mo kí i, mo kí ará ilé rẹ̀, mo sì ní kí wọ́n wá àga fún un, torí a kì í fi ìdúró sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ọkùnrin náà ní òun ti jókòó. Èmi kò rí àga kankan. Ó ní òfin sọ pé bí òbí àti ilé ìwé bá ń jà lórí irú ọmọ báyìí, kí wọ́n jókòó, kí ẹnì kẹta wà láàárín wọn. Wọ́n dá ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé Ìgòkè-re-ọ̀run Olúwa fún wa.

Kí ọjọ́ náà tó pé, dìrẹ́tọ̀ wá sí ilé mi. Ó ní ọ̀rọ̀ ọmọ kan kò yẹ kó dé bùrò, ilé la ti ń parí rẹ̀. Mo ní ó dára, ọjọ́ Ajé ni Claudia máa padà sí kíláàsì, Justine náà máa padà. Ó ní kò burú. Mo ṣí àmù, mo ta omi díẹ̀ sílẹ̀, mo kọ́kọ́ mu, mo gbé e fún un. O mọ bí a ti ń ṣe é níbí. Ẹni tó ń bá ọ jà kì í mu omi rẹ. Ọjọ́ tó bá mu ún, ìjà ti parí, ohun tó gbà ti di gbígbà. Bàbá rẹ kò mu omi àbúrò rẹ̀ títí ó fi kú. Dìrẹ́tọ̀ mu ún tán, ó tún ní kí n bu òmíràn.

Nítorí náà ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, oko ni mo lọ. Ìjà tó ti parí, kí ni mo tún fẹ́ lọ jókòó tì? Dìrẹ́tọ̀ lọ sí bùrò ní tirẹ̀. Ó ní ìyá àgbà kò wá, ó jọ pé ó ti fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Wọ́n pa ẹjọ́ náà dé, wọ́n gbé Justine lọ sí ilé ìwé mìíràn ní ìlú Aklampa. Ní ọjọ́ Ajé mo wẹ Claudia, mo fi òróró pa á lára, mo mú un lọ. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ìgbálẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo sọ fún dìrẹ́tọ̀ pé o mu omi mi. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ ohun tí mò ń sọ. Ó ní ìyá àgbà, òùngbẹ ló ń gbẹ mí, oòrùn mú lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo fi dá a lóhùn, Ézéchiel ní òun kò lè fi ọwọ́ tó ń gbé ìwé mímọ́ kọ ọ́.

Mo ti mú ọmọ náà kúrò níbẹ̀, torí ìgbálẹ̀ wà nílé mi. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó máa ń lọ jókòó létí ọ̀nà, á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí àpáta. Bí alùpùpù bá ń bọ̀, àpáta a máa gbọ̀n, ó sì máa ń mọ̀ kí èmi tó gbọ́. Á dìde, á wo ẹni tó gùn ún, á tún jókòó. Lánàá ó fẹ́ bi mí ní nǹkan kan, ó gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ náà dúró lójú kan. Ó ti gbàgbé. Èmi kò sì mọ̀ ọ́n tí n óò fi rán an létí. Ó fà mí láṣọ.

Mo padà sí bùrò. Wọ́n ní a lè tún ẹjọ́ náà ṣí kí ilé ìwé tó gba ìsinmi gígùn, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kejì yìí, bàbá tàbí ìyá ọmọ ló gbọ́dọ̀ wá fúnra rẹ̀. Mo ní èmi ni mo bí bàbá rẹ̀. Wọ́n ní òfin kò mọ ìyẹn.

Ó yẹ kí n bèèrè owó níbi tí a dé yìí, Ézéchiel ti ń retí rẹ̀. Mi ò fẹ́. Má fi owó kankan ránṣẹ́ sínú fóònù fún mi, fi í wọ ọkọ̀ wá síbí. Má sì ní kí n bá ọ kí Claudia, torí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ ìkíni rẹ di ọwọ́ níbí mọ́.

Màríà á bò ọ́ lójú ọ̀nà, taya ọkọ̀ rẹ kò ní bẹ́, wàá bá mi láàyè. Bí o bá dé, àmù ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, igbá sì wà lórí rẹ̀. Má ṣí i. Mo mọ̀ pé òùngbẹ á ti máa gbẹ ọ́. Bùrò ni a óò kọ́kọ́ lọ. Ọjọ́ tí Claudia bá padà jókòó ti Justine, èmi fúnra mi ni n óò bu omi fún ọ.

Ìyá rẹ.