Tẹjúmọ́lá Ọládòṣù: Kì í Ṣe Àìsàn Ráńpẹ́

Ajégúnlẹ̀ ni a bí olóògbé Tẹjúmọ́lá Ọládòṣù sí ní ọdún 1950. Jeremáyà Oyèdìran, ọmọ Òde-Rẹ́mọ, alábàárù ní wáàfù Àpápá, ni bàbá wọn. Dọ́káàsì, ọmọ Ìwó, ni ìyá wọn.

Olóògbé kọ́ṣẹ́ akọ̀wé ní Olodi-Àpápá. Wọ́n fẹ́ ọkọ wọn, Ọládòṣù, ní 1974. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ṣe kíláàkì ní Àpápá, kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì ní 2005. Nínú ìjọ, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ni wọ́n. Wọn kì í pẹ́ dé ìsìn, wọn kì í sì í fẹ́ kí oníwàásù pẹ́.

Dọ́káàsì, ìyá olóògbé, kú ní 1989. Ọdún mẹ́sàn-án ni ara wọn fi gbọ̀n, ṣùgbọ́n "àìsàn ráńpẹ́" ni ẹbí kọ sínú ìwé ìsìnkú. Àṣà wa ni.

Ní 2018, ọwọ́ olóògbé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Dókítà ní àrùn Pákínsìn ni. Àwọn olùwádìí àrùn náà kan wá béèrè ohun tó pa ìyá olóògbé. Wọ́n yẹ ìwé ìsìnkú wò. Kò sọ nǹkan kan. Ni olóògbé bá kó ẹbí jọ sí pálọ̀ kí àwọn olùwádìí lè gba ẹ̀jẹ̀ wọn fún àyẹ̀wò.

Àyípadà kan náà wà nínú jíìnì olóògbé àti ti Níyìọlá, ẹ̀gbọ́n wọn tí ara òun náà ń gbọ̀n. Kò sí nínú ti àwọn àgbà ẹbí tí ara wọn dá. Jíìnì yìí, tí ọmọ ń jogún lára òbí, ló ń mú kí ọpọlọ máa kó purotéènì tó ti gbó dànù. Nítorí àyípadà náà, purotéènì ń dì jọ síbẹ̀ bíi kọ̀ǹtánà tí ẹnikẹ́ni kò wá kó. Ibẹ̀ ni wọ́n ń wá oògùn sí báyìí.

Kí olóògbé tó kú, wọ́n ní kí a kọ orúkọ àrùn náà sínú ìwé ìsìnkú wọn yìí, kí àwọn ọmọ lè mọ̀. Mercy, àkọ́bí wọn, kọ̀. Queen, ọmọ rẹ̀, ń múra ìgbéyàwó.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Ta ló máa fẹ́ Queen tí wọ́n bá kà á?"

"Ẹni tí ìwé ìsìnkú bá lé lọ, jẹ́ kó tètè máa lọ. Kó má jẹ oúnjẹ wa mọ́."

Olóògbé sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, 2025. Àrùn Pákínsìn ni, ọdún méje.

Wọ́n fi ọkọ, ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ márùn-ún sílẹ̀.

Mercy fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé yìí fún Ebimobowei, àfẹ́sọ́nà Queen, kí a tó tẹ̀ ẹ́. Ó kà á tán, ó béèrè ọjọ́ ìsìnkú. Ó wà lára àwọn tí yóò gbé pósí lónìí.

Ọwọ́ yín ti dúró jẹ́ẹ́, Màmá Mercy. Ẹ sùn ire o.